Ọyẹ́ Ọdún 1970: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Modákẹ́kẹ́ Kọ́ Wa

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 13:23–24; Ìṣe Àwọn Àpósítélì 2:5–11

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò, ní Kàdúná àti ní àwọn ìlú mìíràn ní òkè Ọya, a mọ̀ pé ọyẹ́ tiyín le ju ti ilé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Pọ́tàkọ́tù àti Kàlàbá, bóyá díẹ̀ ni ó kàn yín. Ibi yòówù kí a wà, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí bá ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí ẹsẹ̀ ń funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó rìn nínú eérú, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa a máa padà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a lọ nígbà èwe wa.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láyé ìgbà náà, oṣù kìíní ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ni ó sì ń parí. Àárín ọyẹ́ gan-an ni ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ wọ ilé ìwé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní ọdún 1955, wọ́n ti ju 811,000 lọ. Bí ẹ bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin fúnra yín wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí wọ́n fi kan etí kejì, kí tíṣà tó gbà pé wọ́n ti tó ilé ìwé í lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọdún 1955 ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọyẹ́ mìíràn ni, ti oṣù kìíní ọdún 1970, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. St. Stephen's 'A' ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan gbogbo ilé Onítẹ̀bọmi tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, pàápàá ilé tí ó wà ní ìdálẹ̀.

Owúrọ̀ ọyẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ìgbà náà ti rí. Oṣù kìíní ọdún 1970 yìí kan náà ni ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa parí, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n oṣù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà nítorí owó orí, ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni. Ilẹ̀ kòkó ni Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìgbà ọyẹ́ sì ni ìkórè kòkó ńlá máa ń lọ sí òpin. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì lówùúrọ̀ lè wà lóko ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa bá bàbá rẹ̀ kó kòkó tí wọ́n sá sínú oòrùn.

Ẹ ó rántí irú owúrọ̀ bẹ́ẹ̀. Kùrukùru a bo gbogbo àdúgbò débi pé ẹ kò ní rí òrùlé ilé kejì dáadáa. Omi a tutù débi pé ojú àti ẹsẹ̀ nìkan ni ọmọ máa ń fọ̀, a sì máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn pé òun ti wẹ̀. Ìyá a fi òrí pa á lára láti iwájú orí títí dé ẹsẹ̀, a fún un ní ògì gbígbóná àti àkàrà, a sì lé e jáde. Ọ̀pọ̀ kò ní bàtà. Bí wọ́n bá dé ilé ìwé, agogo a dún. Ní ibòmíràn, irin àlòkù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi ni agogo náà. Àwọn ọmọ a tò, wọn a kọ orin, wọn a gba Àdúrà Olúwa, atẹ́gùn títutù a sì máa mú kí eyín wọn máa gbọ̀n pa pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe àmín. Tíṣà a máa wo èékánná, eyín àti irun. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé a gbá àgbàlá. Nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn a ti mú ganrín-ganrín, àwọn tí wọ́n ń gbọ̀n lówùúrọ̀ a sì máa du abẹ́ igi.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, bí ọmọ bá ti dé kíláàsì òkè, kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́. Wọ́n ní vernacular ni. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ a san kọ́bọ̀ ìtanràn, tàbí kí ó jẹ pàṣán, tàbí kí wọ́n fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn títí ọmọ mìíràn yóò fi ṣẹ̀ kí ó tó gbà á lọ́rùn rẹ̀. Ilé ìwé ìjọ Ọlọ́run náà wà nínú àwọn tí wọ́n ṣe èyí. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀

Bí ètò ti rí nígbà náà ni pé wọn yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá wọ ọdún kẹrin, ohun gbogbo a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì: ìṣirò, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ìmọ̀ nípa ara àti ìlera. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ń já fáfá nílé, tí ó mọ orúkọ ewé àti ẹyẹ, tí ó lè ṣírò iye owó tí ìyá rẹ̀ pa lọ́jà kí ìyá náà tó kúrò ní ìsọ̀, yóò wá dákẹ́ bí odi ní kíláàsì. Kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn. Kò mọ ohun tí wọ́n bi í ni.

Púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lọ ju ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n jáde láì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè gbọ́ bùkátà, wọn kò sì lè ka Yorùbá dáadáa, nítorí pé wọ́n ti pa á tì láti ọdún kẹta.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá lọ́kàn. Ọmọ Èkó ni, Mùsùlùmí ni, Yunifásítì Ifẹ̀ sì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọdún méjìlá àkọ́kọ́ ní ayé ọmọ ni ìpìlẹ̀, èdè ìyá rẹ̀ sì ni ó yẹ kí a fi lé ìpìlẹ̀ náà lélẹ̀. Ó ní kí a má ṣe jiyàn lẹ́nu lásán. Kí a gbé e wò. Àjọ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Lára àwọn tí ó bá a ṣe é ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan. Ẹ kíyè sí i pé onímọ̀ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Afọláyan. Kì í ṣe ẹni tí ó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá ètò yìí sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe

Ní oṣù kìíní náà, bí àwọn ọmọ tuntun ti dé St. Stephen's 'A' nínú ọyẹ́, wọ́n pín wọn sí kíláàsì. Kíláàsì méjì ni wọ́n fi ṣe ìwádìí: Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè tirẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Kíláàsì kẹta ni ti ìfiwéra: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Márùn-ún ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò kalẹ̀: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà.

Ìwé kò sí. Ta ni ó ti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí? Wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́, láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà, kí wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí a kò tíì fún lórúkọ. Wọ́n ní láti tún àwọn olùkọ́ kọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn olùkọ́ náà, ó sì ṣòro fún wọn láti ṣàlàyé ìdá àti ìdajì fún ọmọdé ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọyẹ́ tí ó wà níta yìí ṣe àpẹẹrẹ ìyàtọ̀ tí èdè lè mú wá. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Yorùbá pé: kí ló dé tí aṣọ tí a sá nígbà ọyẹ́ fi ń tètè gbẹ ju ti ìgbà òjò lọ? Yóò ronú. Yóò ní nítorí pé atẹ́gùn ọyẹ́ gbẹ ni. Ẹ tún bi í pé: ibo ni omi inú aṣọ náà lọ? Yóò wo òkè. Ẹ mú un lọ sí ìdí amù, kí ó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀, kí ó rí i pé ìta amù náà ń làágùn. Ẹ bi í pé: kí ló dé tí omi inú amù fi tutù ju omi inú garawa irin lọ? Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ọmọ náà yóò so ó pọ̀ fúnra rẹ̀: omi ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń gba ooru kúrò lára omi tí ó kù. Ó ti kọ́ sáyẹ́ǹsì. Yóò lọ sílé lọ kọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà yóò sì ní àfikún tirẹ̀, nítorí pé ó ti ń lo amù kí wọ́n tó bí i.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́. Yóò kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ó wà lójú pátákó sínú ìwé rẹ̀, yóò há a sórí títí di ọjọ́ ìdánwò, kò sì ní mọ̀ láé pé amù ilé wọn ni wọ́n ń sọ.

Èso rẹ̀

Ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn òbí ni ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn yín náà lónìí: ṣé wọn kò ní sọ ọmọ wa di ará oko báyìí? Bí àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì lọ síwájú, kí ni ọmọ àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ yóò fi Yorùbá ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Òbí tí ó bi í kò ṣẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ òun jẹun ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìdáhùn dé. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé ara wọn, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ. Wọ́n ta wọ́n yọ ní Yorùbá, èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ta wọ́n yọ ní ìṣirò àti ní sáyẹ́ǹsì. Èyí tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kò rẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ náà ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ fún ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn olùwádìí náà tún ròyìn pé àwọn tí ó tẹ̀ síwájú sí ilé ẹ̀kọ́ girama bá ẹgbẹ́ wọn mu níbẹ̀. Ẹ̀rí yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1977 ní kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé ní èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ju bí ó ti rí lọ. Àwọn kan béèrè pé, ṣé èdè Yorùbá ni ó ṣe iṣẹ́ náà, àbí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́, àbí ìwé tuntun, àbí ìtara àwọn tí ó ń ṣọ́ ètò náà lójoojúmọ́? Ìbéèrè náà tọ́. Olùkọ́ rere àti ìwé rere ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun kan dá wa lójú: ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Yorùbá kò ba ọpọlọ ọmọ kankan jẹ́. Kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Ọmọ tí ó ti ní ìpìlẹ̀ ní èdè kan a ní ibi tí yóò gbé èkejì lé.

Ìjọ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé kò yẹ kí ó jẹ́ tuntun sí wa. Oṣù kìíní ọdún 1844, nínú ọyẹ́ bákan náà, ni Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, níwájú àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí wọ́n já gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ìlú kọjá, wá gbọ́ orúkọ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni ó bí odindi Bíbélì Yorùbá ní ọdún 1884.

Àwa Onítẹ̀bọmi náà kò gbẹ́yìn. Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere wa àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ yìí, gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1850. Kí ó tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ó jókòó kí wọ́n kọ́ òun. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Washington ní ọdún 1858. Lẹ́yìn náà ni David Brown Vincent dé, tí í ṣe Onítẹ̀bọmi ní Èkó. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń darí sílẹ̀ ní ọdún 1888. Ní ọdún 1894, ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀, ó sì di Mojọlá Agbẹ̀bí. Ó ní ìgbàgbọ́ pé ènìyàn lè jẹ́ ti Kristi pátápátá láì kọ ilé baba rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo ni ìjọ tí ó ní irú àwọn baba báyìí ṣe wá di ìjọ tí ó ń fi pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ Yorùbá? Owó wà nínú rẹ̀: láti ọdún 1882 tí ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin ẹ̀kọ́, kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ilé ìwé ní ìrànwọ́. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé ìjọba àti ti ilé ìṣòwò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìtìjú náà sì wà nínú rẹ̀. A mú ohun tí àwọn baba wa kà sí ẹ̀bùn Ọlọ́run, a sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń jẹ ọmọ níyà fún. Ó wá ku Mùsùlùmí kan ní Ifẹ̀ tí yóò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ wa nínú ọyẹ́ ọdún 1970.

Àwa ńkọ́?

Nígbà tí Nehemáyà padà dé Jerúsálẹ́mù, ohun kan bà á lọ́kàn jẹ́. Ó rí àwọn ọmọ ní ìgboro, ìdajì wọn ń sọ èdè Áṣídódù, wọn kò sì gbọ́ èdè àwọn Júù mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹsẹ yìí na ẹni tí ó fẹ́ ọkọ tàbí aya láti ẹ̀yà mìíràn. Rúùtù ará Móábù wà nínú ìdílé Jésù. Ohun tí ó ká Nehemáyà lára ni pé èdè náà ni Òfin Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń kà nígbà tí àwọn àlùfáà bá ṣí ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ mọ ìtumọ̀ èyí ju àwa tí a wà nílé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ẹ ń lọ ní òkè Ọya, àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ àti ọjà lórí, wọ́n sì gbé Bíbélì Yorùbá sínú ẹrù. Lónìí, ọmọ-ọmọ wọn wà nínú ìjọ kan náà, ó gbọ́ Haúsá lọ́jà, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, kò sì lè ka Jòhánù 3:16 nínú Bíbélì tí bàbá àgbà fi ránṣẹ́ sí i.

Mo rí i nílé kan nígbà ọdún Kérésì tó kọjá. Ìdílé náà ti òkè Ọya wá sílé fún ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà, ìyá àgbà ní kí àwọn ọmọ wá kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí èyí àkọ́bí, ọmọkùnrin bí ọdún mẹ́wàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ki í láti ìdí baba rẹ̀, ó pe orúkọ àwọn tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe fi ọmọ náà ṣe àwátì ní ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń lọ. Omi wà lójú rẹ̀. Ọmọ náà dára, ó ní ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń yọjú wo bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá ṣe àmín, òun náà a ṣe é. Kò mọ ohun tí ó ń ṣe àmín sí. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé ìjọba ni yóò bá wa ṣe é. Ní ìparí ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e. Ìlànà a máa wá, a sì máa lọ. Ilé yín kò sí lábẹ́ ìlànà kankan. Ẹnikẹ́ni kò lè fagi lé èdè tí ẹ fi ń gbàdúrà nídìí ibùsùn ọmọ yín.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí ọyẹ́ yìí tó kọjá, ẹ mú nǹkan díẹ̀ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi Yorùbá ṣe ìsìn ìdílé ní alẹ́ kan ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ẹsẹ márùn-ún. Bí ó bá ṣì í kà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìtìjú ni ó lé èdè náà jáde, ìtìjú kò lè dá a padà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó le fún ọmọ, yálà iṣẹ́ ìṣirò tàbí ọ̀rọ̀ ìgbàlà, ẹ gbìyànjú ní Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ rántí amù.

Ẹ fi fóònù fún àwọn àgbà nílé láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ má ṣe jẹ́ ògbufọ̀ fún wọn ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kíláàsì kan fún a, b, d kò pọ̀ jù. Nínú yàrá ìjọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ti kọ́ ìwé kíkà, kí ilé ìwé tó dé àdúgbò wọn.

Ẹ má sì ṣe kórìíra Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ kò yan èdè kan ṣoṣo kí ó sì pa àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ní èdè tí a bí i sí. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè mẹ́ta dára ju ọmọ tí ó gbọ́ méjì lọ. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí tiwa wà nínú mẹ́ta náà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ kíláàsì ní Modákẹ́kẹ́ nínú ọyẹ́ ọdún 1970 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Wọn kò mọ̀ pé ìwádìí ni wọ́n ń fi àwọn ṣe. Wọ́n kàn rí i pé tíṣà ń sọ̀rọ̀ tí ó yé àwọn, wọ́n sì dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa náà lè dáhùn, nígbà tí ìyá àgbà bá béèrè, àti nígbà tí Olúwa bá pè wọ́n ní orúkọ tí a sọ wọ́n.

Àdúrà: Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a dúpẹ́ fún èdè tí o fi sí wa lẹ́nu. Dárí jì wá níbi tí a ti tijú rẹ̀. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdálẹ̀, nínú òtútù àti nínú ooru. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́, kí wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ti wá. Pa àwọn àgbà wa mọ́ títí wọn yóò fi gbọ́ tí àwọn ọmọ ń dá wọn lóhùn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.